Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mo fẹ́ gbé orin tèmi jáde: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ÌyáOlórin_Lewisham

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo máa ń ka ohun tí ẹ ń kọ síbí, n kì í sábà dá sí i. Ọ̀rọ̀ yìí ló kún mi nínú tó jẹ́ kí n lanu.

Ẹni ọdún 57 ni mí. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mò ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ọmọ ti dàgbà, àbíkẹ́yìn ti kó lọ sí ilé tirẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Oǹdó ni mo ti ń ta gìtá, tí mo sì ń kọ orin. Orin mi kì í ṣe jùjú, kì í sì í ṣe fún ijó òde. Orin soul bíi ti àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni, àmọ́ ohùn àwọn ìyá wa ló wà nídìí rẹ̀: orin ìyàwó, orin arò, orin tí ìyá-ìyá mi máa ń kọ nídìí epo. Wọ́n kún inú ìwé, wọ́n kún inú fóònù, kò sì sí èyí tó tíì jáde rí.

Ṣé ó ti pẹ́ jù? Bí kò bá pẹ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ẹnìkan kọ̀wé sí mi lórí Instagram pé bí mo bá san £600, òun á rí i pé orin mi wọ playlist tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń gbọ́. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sì ń bi mí pé kí ni ìyá àgbà fẹ́ fi orin ayé ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ni kí ẹ sọ fún mi.

BàbáRẹ́kọ́dù_Mushin

Àbúrò mi, ẹ kú àmójúkúrò o. Kò pẹ́ jù rárá. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń kó àwo orin soul jọ, àwọn tó sì wọ ọkàn mi jù nínú wọn ni àwọn tó pẹ́ kí ayé tó mọ̀ wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn wọn fún yín dáadáa, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ ju kí èèyàn kàn ní ẹ má sọ ìrètí nù.

Charles Bradley ni kí n fi ṣáájú. Gainesville ní ìpínlẹ̀ Florida ni wọ́n ti bí i ní 1948, Brooklyn ló dàgbà sí. Ní 1962, arábìnrin rẹ̀ mú un lọ wo James Brown ní gbọ̀ngàn Apollo ní Harlem. Bó ṣe di pé ó ń ṣe bíi James Brown nìyẹn. Iṣẹ́ alásè ló fi jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún, láti ìlú kan sí òmíràn. Nígbà tó padà sí Brooklyn, ó ń dé irun àtọwọ́dá, ó ń wọ aṣọ tó ń dán, ó ń kọ orin James Brown ní àwọn ilé ọtí, Black Velvet ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí níbẹ̀. Gabriel Roth, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ilé iṣẹ́ àwo Daptone sílẹ̀, ló rí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Gbogbo ìgbà tó fi ń ṣe bíi ẹlòmíràn, àdúgbò nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí Thomas Brenneck tó ń ta gìtá jókòó tì í, tí òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin sọ ìtàn ara rẹ̀, títí dórí arákùnrin rẹ̀ tí wọ́n pa, ni orin di tirẹ̀. Ní 2011 tí àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, ẹni ọdún 62 ni. Ó ṣe àwo mẹ́ta kí àìsàn tó mú un lọ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017. Ọdún mẹ́fà péré ni, àmọ́ ó rin ìrìn àjò orin káàkiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà nínú ọdún mẹ́fà yẹn.

Sharon Jones náà ńkọ́? Augusta, Georgia ni wọ́n ti bí i ní 1956. Ó kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó bá ẹgbẹ́ olórin òde ìgbéyàwó kọrin, ó sì ṣiṣẹ́ wọ́dà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Rikers Island. Ó tún ṣọ́ ọkọ̀ tó ń kó owó báńkì. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fáyé gbọ́ pé wọ́n sọ fún òun pé òun dúdú jù, òun sanra jù, òun kúrú jù, òun sì ti dàgbà jù. Ó ti tó ẹni ogójì ọdún kí àwọn tó wá dá Daptone sílẹ̀ tó rí i, níbi tó ti wá gbe orin lẹ́yìn Lee Fields, olórin soul kan. Àwo tirẹ̀ àkọ́kọ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ Dap-Kings jáde ní 2002. Àwo rẹ̀ tó jáde ní 2014, lẹ́yìn tí jẹjẹrẹ ti kọlù ú, mú kí wọ́n yàn án mọ́ àwọn tó lè gba Grammy. Ó kú ní 2016.

Ẹnìkẹta ṣì wà láyé, iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe tẹ́lẹ̀: Robert Finley, ọmọ Bernice ní Louisiana, wọ́n bí i ní 1954. Ojú rẹ̀ di ìṣòro, kò lè ṣe iṣẹ́ igi mọ́. Ní 2015 ó ń ta gìtá lójú títì ní Helena, ní Arkansas, nígbà tí àwọn ará Music Maker, àjọ tó ń ran àwọn àgbà olórin ìpìlẹ̀ lọ́wọ́, gbọ́ ọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwo rẹ̀ jáde, àkọlé rẹ̀ gan-an sì ni pé ọjọ́ orí kò jẹ́ nǹkan kan. Ní 2017 Dan Auerbach, onígìtá ẹgbẹ́ The Black Keys, bá a ṣe òmíràn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń gbe orin lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìtàgé.

Ẹ wò ó, kò sí ìkankan nínú wọn tó fi ọjọ́ orí pamọ́. Kò sì sí ìkankan tó dá a ṣe. Ẹgbẹ́ tó mọ irú orin yẹn, tó sì fẹ́ràn rẹ̀, ló gbé wọn. Nítorí náà, kí ẹ tó wá ilé iṣẹ́ àwo, ẹ wá onílù kan àti ẹni kan tó ń ta báàsì, tí orin yín ń dùn mọ́ nínú.

ỌmọÌkọ̀lé

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má jẹ́ ká gbàgbé tiwa. Orlando Julius, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, tí wọ́n bí ní 1943, ló gbé àwo Super Afro Soul jáde ní 1966. Ẹni tó bá ní orin soul àti ohùn Yorùbá kò lè bára mu, àwo yẹn ni kó lọ gbọ́. Bàbá lọ sí Amẹ́ríkà ní 1974, wọ́n padà wálé ní 1998. Ní 2014, tí wọ́n ti pé àádọ́rin ọdún, àwọn àti ẹgbẹ́ The Heliocentrics ti Lọ́ńdọ̀nù gbé àwo tuntun jáde lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ àwo Strut, wọ́n sì jọ rin ìrìn àjò. Wọ́n fi ayé sílẹ̀ ní 2022.

Bàbá Fatai Rolling Dollar náà wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ wọn ni Ebenezer Obey ti kọ́ iṣẹ́ kí ó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ohùn wọn rọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó tún dé lẹ́yìn ọdún 2000 pẹ̀lú gìtá àti agídìgbo, tí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ lókìkí ń jó sí orin wọn. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin kí ọlọ́jọ́ tó dé ní 2013.

Ìyá wa, ohun tí mo rí nínú ti Orlando Julius ni pé àwọn tí kò tó ọmọ wọn ló wá wọn rí. Irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn aláwọ̀ funfun àti dúdú tó ń wá ohùn àtijọ́ bí ẹni ń wá wúrà. Ẹ fi orin méjì ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ tí ẹ bá gbọ́ tó wù yín. Ẹ má kọ lẹ́tà gígùn. Ẹ kọ ọ́ pé orin yín nìyí, ibi tí ẹ ń gbé nìyí, ẹ fẹ́ jọ ta á pọ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan.

Ẹ̀tọ́Olórin_Leeds

Ẹ má san £600 yẹn o, mà. Ẹni tó bá ṣèlérí iye èèyàn tí yóò gbọ́ orin yín, ẹ̀rọ ló fẹ́ rán láti gbọ́ ọ. Bí Spotify bá fura, wọ́n á yọ orin náà kúrò, ẹ ò sì ní rí ẹni bi nígbà tí ẹni tó gba owó bá ti pa fóònù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ọ̀pọ̀ olórin wa kì í mọ̀ títí di ìgbà tí ìjà bá ṣẹlẹ̀. Ohun-ìní méjì ló wà nínú orin kan. Èkíní ni orin fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ àti ohùn tí ẹ kọ. Èkejì ni ohun tí ẹ gbà sílẹ̀ ní sítúdíò. Ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè ni wọ́n. Ní Bìrìtéènì, PRS ló ń gba owó fún ẹni tó kọ orin, PPL ló ń gba owó fún ẹni tó ni ohun tí a gbà sílẹ̀ àti àwọn tó kọrin tàbí tó ta ohun èlò nínú rẹ̀. PRS ń gba owó ìwọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, PPL kì í gbà. PPL náà ló lè fún yín ní nọ́ńbà ISRC, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n fi ń mọ orin kọ̀ọ̀kan níbikíbi tó bá ti dún. Ẹ ṣe méjèèjì kí orin tó jáde.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń kọrin ní ilé ọtí kéékèèké kì í ṣe: bí ẹ bá ti di ọmọ ẹgbẹ́ PRS, ẹ lè kọ àkọlé orin yín tí ẹ kọ níbi eré ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n á san nǹkan fún un. Owó náà kò pọ̀. Tiyín sáà ni.

Bí ẹlòmíràn bá bá yín kọ orin, ẹ kọ ìpín kálukú sórí ìwé, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i kí ẹ tó jáde ní sítúdíò. Bí ẹnìkan bá sì fẹ́ san owó sítúdíò fún yín, ẹ bi í pé ta ni yóò ni ohun tí a gbà sílẹ̀, àti fún ọdún mélòó. Ẹ má fọwọ́ sí ohun tó bá ní "títí láé" nínú.

Ọ̀rọ̀ kan tó ń dùn mí láti sọ fún ẹni ọdún 57, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́: ẹ̀tọ́ yìí máa ń wà láàyè fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn tí ẹni tó kọ orin bá ti kú, ní Bìrìtéènì àti ní Nàìjíríà bákan náà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún yín. Ẹ kọ orúkọ ọmọ tí yóò bójú tó o. Mo ti rí ẹbí tó ń pín ilẹ̀ àti aṣọ òkè, tí ìwé orin ìyá wọn wà nínú àpò ìdọ̀tí lẹ́nu ọ̀nà.

Ní ti owó orí ayélujára, kí ẹ má tan ara yín jẹ. Spotify kì í san kọ́bọ̀ lórí orin tí wọn kò bá tíì gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù méjìlá. Bandcamp ló dára jù fún irú orin yín: ẹni tó fẹ́ràn yín á ra àwo náà, wọ́n á yọ 15% nínú ti ayélujára, 10% nínú àwo tí èèyàn lè fọwọ́ kàn, ẹ̀yin lẹ ni ìyókù lẹ́yìn owó ilé ìsanwó.

ÌyáOlórin_Lewisham

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti dí ẹni Instagram yẹn lọ́nà. Ọ̀rọ̀ ìwé ìhágún yẹn wọ̀ mí lára, màá bá ọmọ mi obìnrin sọ ọ́ lópin ọ̀sẹ̀ yìí.

Ó ku ohun kan tí n ò kọ́kọ́ sọ. Ohùn mi ti yí padà. Àwọn ibi tí mo máa ń gùn tẹ́lẹ̀, n kì í dé ibẹ̀ mọ́. Ó sì máa ń há bí mo bá ṣiṣẹ́ òru.

Nọ́ọ̀sì_Manchester

Ẹ̀gbọ́n mi, èyí kan iṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Tán-án-ná ọ̀fun, àwọn iṣan kéékèèké tó ń gbọ̀n tí ohùn fi ń jáde, máa ń yí padà pẹ̀lú ọjọ́ orí bí iṣan ara yòókù. Nígbà tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró lára obìnrin, omi ara tó ń mú wọn rọ̀ máa ń dínkù, ohùn á wá sílẹ̀ díẹ̀, òkè á sì ṣòro. Kì í ṣe àrùn. Ẹ sọ orin náà kalẹ̀ sí ibi tí ohùn yín wà nísinsìnyí. Bí ẹ bá ń kọ ọ́ ní G nígbà tí ẹ wà ní ẹni ogún ọdún, ẹ gbìyànjú rẹ̀ ní E tàbí ní D. Àwọn ohùn ìsàlẹ̀ yín ti nípọn nísinsìnyí lọ́nà tí ọmọdé kò lè rà. Ẹ gbọ́ àwọn àgbà olórin soul obìnrin, ẹ máa rí i pé ibi ìsàlẹ̀ yẹn ni wọ́n ti ń pa èèyàn lẹ́kún.

Ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀, kì í ṣe ìgò kan lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí eré bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn iṣẹ́ òru, ẹ má kọrin, ẹ sùn ná. Ẹ má jẹun alẹ́ pẹ́, pàápàá ọbẹ̀ ata, kí ẹ sì lọ dùbúlẹ̀: omi ikùn tó ń padà gòkè máa ń jó tán-án-ná lóru, ohùn á há láàárọ̀. Bí ohùn bá há, ẹ má máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ó ń ni wọ́n lára ju ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lọ. Ẹ dákẹ́ pátápátá.

Àmọ́ o, ohùn tó bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, tí òtútù kò mú yín, ẹ lọ rí GP. Ẹni tó bá ti pé ọdún 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ohùn rẹ̀ há láìnídìí, wọ́n gbọ́dọ̀ tètè yẹ̀ ẹ́ wò nítorí jẹjẹrẹ ọ̀fun. Ẹ má fi àgbo àti oyin nìkan bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ sọ fún dókítà pé olórin ni yín, ẹ sọ ọ́ láìtijú. Àjọ kan tún wà tó ń jẹ́ BAPAM tó ń fún àwọn òṣèré ní ìmọ̀ràn ìlera lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ wá wọn.

OnígìtáBáàsì_Bristol

Ẹ káàárọ̀ mà. Mo ń ta báàsì nínú ẹgbẹ́ soul kan níbí.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe sítúdíò. Ẹ lọ sí folk club. Ọ̀pọ̀ ìlú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ní, yàrá òkè ilé ọtí ni ó sábà máa ń wà. Ẹni tí wọn kò pè lè dé síbẹ̀, kó fi orúkọ sílẹ̀, kó kọ orin kan tàbí méjì. Mo mọ̀ pé ẹ máa rò pé orin àwọn aláwọ̀ funfun ni. Ẹ lọ ṣáá. Àwọn tó ń jókòó síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ju yín lọ lọ́jọ́ orí, bí ẹ bá sì ti fọwọ́ kan gìtá, gbogbo yàrá á dákẹ́. Ní ilé ọtí tí bọ́ọ̀lù ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ orin arò yín. Ní folk club, ẹ lè sọ ìtàn ìyá-ìyá yín àti epo pupa kí ẹ tó kọ ọ́, wọ́n á sì béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ bá ń mu tíì.

Bí orin bá ti rìn lẹ́nu yín níwájú èèyàn, ẹ wá lọ sí sítúdíò. Ẹ má ṣe orin méjìlá. Mẹ́rin tó. Ẹ ta á pọ̀ nínú yàrá kan, ẹ̀yin, onílù, báàsì, bóyá dùùrù, kí gbogbo yín máa wo ojú ara yín. Àwọn ará Daptone tí Bàbá sọ̀rọ̀ wọn, ilé lásán ní Bushwick ni wọ́n sọ di sítúdíò, tí wọ́n ń gba orin sórí téèpù alápá mẹ́jọ. Òógùn àwọn tó jọ wà nínú yàrá ló wà nínú àwọn àwo yẹn. Bí ẹ bá gba ohùn yín sílẹ̀ nìkan sórí ìlù kọ̀ǹpútà, ẹ máa pàdánù ohun tó jẹ́ tiyín. Ọjọ́ kan gbáko pẹ̀lú ẹgbẹ́ tó ti mọ orin náà lórí sàn ju ọ̀sẹ̀ méjì tí a ń tún àṣìṣe ṣe.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sí BBC Introducing, ètò BBC fún àwọn olórin tí kò tíì lókìkí. Ẹnikẹ́ni tó ń gbé ní Bìrìtéènì tí ilé iṣẹ́ ńlá kò tíì gbà ló lè fi orin ránṣẹ́, kò sì sí ọjọ́ orí tí wọ́n ní ó ti pọ̀ jù.

Alágbà_Houston

Mo gba ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ẹ sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ owó. Lọ́ńdọ̀nù kún fún òde wa. Ọjọ́ ìbí, òkú àgbà, ìgbéyàwó. Kí ìyá wa gba òde, kí wọ́n kọ àwọn orin tí èèyàn mọ̀ kí wọ́n sì ki orin tiwọn bọ àárín. Owó tí wọ́n bá ná fún wọn níbẹ̀ ni wọ́n á fi lọ sí sítúdíò.

Àti pé kí wọ́n má fi iṣẹ́ sílẹ̀ o. Bill Withers, olórin soul ará Amẹ́ríkà, iṣẹ́ ológun ojú omi ló ṣe fún ọdún mẹ́sàn-án, ó ń ṣe iṣẹ́ ilé iṣẹ́ bàálù, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde ní 1971. Orin rẹ̀ ti ń dún nílé rédíò, ó ṣì ń lọ sí ibi iṣẹ́, nítorí kò gbẹ́kẹ̀ lé àwọn oníṣòwò orin.

OnígìtáBáàsì_Bristol

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, mo sì gbà pẹ̀lú yín lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ òde nìkan ni n ò gbà. Mo ti bá ẹgbẹ́ òde ṣeré pẹ́. Òde ń fẹ́ oríkì àti orúkọ, aago méjì òru ni wọ́n ń parí, ohùn ẹni ọdún 57 tó ti ṣiṣẹ́ òru kò lè ru ìyẹn. Àwọn tó wá síbẹ̀ fẹ́ jó. Bí ìyá bá ń kọ orin arò fún wọn, wọn kò ní gbọ́, ìyá á sì rò pé orin náà ni kò dára. Ẹ rántí Charles Bradley àti irun àtọwọ́dá.

Alágbà_Houston

Òótọ́ ni nípa ohùn. Mo fi ìyẹn sílẹ̀. Kí wọ́n wá owó rẹ̀ lọ́nà mìíràn nígbà náà. Kí wọ́n yà á sọ́tọ̀ lóṣooṣù, iye tí yóò tán tí ilé kò ní dàrú. Kí wọ́n má fọwọ́ kan owó ìfẹ̀yìntì.

Akẹ́kọ̀ọ́_Coventry

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n béèrè tèmi níbí. Físà akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ní, mo sì ń kọrin. Wọ́n pè mí sí eré kan, wọ́n fẹ́ san £150.

Ẹ̀tọ́Olórin_Leeds

Má gbà á, àbúrò mi. Físà akẹ́kọ̀ọ́ kò gbà kí èèyàn ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀, kò sì gbà kó fi eré ṣe iṣẹ́. Àwọn tó wà lórí físà òṣìṣẹ́ ìlera àti ìtọ́jú náà, kí wọ́n ṣọ́ra: físà yẹn so wọ́n mọ́ ẹni tó gbà wọ́n síṣẹ́, owó orin tí wọ́n ń gbà fún ara wọn lè kó wọn sí wàhálà. Ẹ wá agbẹjọ́rò físà kí ẹ tó fọwọ́ kan owó, kí ẹ má gbọ́ tèmi nìkan. Ẹni tó bá ti ní ìwé ìgbélùú títí lọ kò ní ìṣòro yìí. Tirẹ̀ ni owó orí: bí gbogbo owó tó gbà nídìí òwò tirẹ̀ láàárín ọdún owó orí kan kò bá ju £1,000 lọ, kò ní san nǹkan lórí rẹ̀. Kó máa kọ ohun tó bá wọlé sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

ÌyáOlórin_Lewisham

Ìwé ìlú Bìrìtéènì ló wà lọ́wọ́ mi, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọmọ mi, fara balẹ̀, ọjọ́ rẹ ń bọ̀.

Ẹnikẹ́ni kò tíì dá mi lóhùn lórí ti ṣọ́ọ̀ṣì.

Adarí_Akọrin_Abẹ́òkúta

Ìyá, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń darí akọrin. Ohun tí mo mọ̀ ni pé orin soul gan-an, inú ṣọ́ọ̀ṣì ló ti jáde. Àwọn ègbè rẹ̀, ìpè àti ìdáhùn rẹ̀, bí olórin ṣe ń fa ọ̀rọ̀ kan gùn tí ìjọ á dìde dúró, ọwọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ti kọ́ ọ. Sharon Jones kò fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ títí ayé rẹ̀. Ẹ bá pásítọ̀ yín sọ ọ́ lójúkojú kí òfófó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ orin náà kó kà. Orin tó ń sọ nípa ìyá tó ṣiṣẹ́ epo tọ́ ọmọ yanjú, ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà níbẹ̀? Bí àwọn kan bá ṣì ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Ẹ máa wá sí ìdánrawò akọrin ní àkókò.

BàbáRẹ́kọ́dù_Mushin

Mo fẹ́ fi ohun kan kún un lórí èdè, nítorí mo ń bẹ̀rù pé ẹnìkan á ní kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì kí ayé lè gbọ́. Cesária Évora láti Cape Verde, èdè erékùṣù rẹ̀ ló fi kọrin, ó ti lé ní ogójì ọdún kó tó gba àwo sílẹ̀ ní Paris ní 1988, ó gba Grammy ní 2004. Ibrahim Ferrer ní Kúbà, tí wọ́n bí ní 1927, ti fẹ̀yìn tì, ó ń dán bàtà fún owó, kí wọ́n tó wá pè é sí sítúdíò Egrem ní Havana ní 1996. Ní 2000 wọ́n fún un ní Latin Grammy ti olórin tuntun. Olórin tuntun, ní ẹni ọdún 73! San Lázaro tó ń bọ nílé rẹ̀, ẹni tí àwọn ará Kúbà ń pè ní Babalú Ayé, Ọbalúayé wa ni. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un kó fi èdè rẹ̀ sílẹ̀ kí Lọ́ńdọ̀nù lè gbọ́ ọ.

Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá. Ẹ kọ ọ́ ní ohùn Oǹdó yín pàápàá. Bí ègbè kan bá wá ní Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, ẹ gbà á.

ÌyáOlórin_Lewisham

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí màá ṣe nìyí. Mo ti rí folk club kan tí kò jìnnà sí ilé, màá lọ kọ orin kan níbẹ̀ lọ́jọ́ tí n kò bá ní iṣẹ́ òru. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń lu ìlù, màá pè é. Orin mẹ́rin ni màá ṣe, ní ìsàlẹ̀ bí nọ́ọ̀sì ṣe wí. Màá forúkọ sílẹ̀ ní PRS àti PPL kí n tó wọ sítúdíò.

Ìbéèrè kan ló kù. Orúkọ mi ní àmì lórí àti àmì nísàlẹ̀. Ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ síbẹ̀, àbí kí n kọ ọ́ bí àwọn òyìnbó ṣe ń kọ ọ́?

Ẹ̀tọ́Olórin_Leeds

Ìbéèrè tó dára nìyẹn, owó ń sọnù níbẹ̀. Lójú ẹ̀rọ, orúkọ tó ní àmì àti èyí tí kò ní lè di ẹni méjì. Bí PRS bá mọ̀ yín sí ọ̀kan, tí Spotify mọ̀ yín sí èkejì, tí ilé rédíò kọ ẹ̀kẹta, owó yín á pín sí mẹ́ta tàbí kó má dé rárá. Ẹ yan ọ̀kan lónìí kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ máa ṣe àdàkọ rẹ̀ lẹ́tà sí lẹ́tà síbi gbogbo: PRS, PPL, Bandcamp, lára àwo. Èmi fẹ́ kí ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì, nítorí orúkọ yín ni. Ní PRS, ààyè wà fún orúkọ mìíràn tí wọ́n tún ń pè yín, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ èyí tí kò ní àmì sí, kí ẹni tó bá ń wá yín láìní àmì lórí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ lè rí yín. Àkọlé orin náà bákan náà. Bí ẹ bá ti fẹ́ forúkọ sílẹ̀, ẹ kọ̀wé sí mi lábẹ́lẹ̀, a ó jọ jókòó tì í lórí fóònù.